Fídáù Ìyá Inú Ìwé

Ẹ̀gúsí kì í dákẹ́ bí wọ́n bá ń bó o. Ó máa ń ró pẹ́-pẹ́-pẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, èèpo rẹ̀ á máa ta sára aṣọ, á máa ta sínú irun, kódà wàá bá a nínú omi mímu. Ìró yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi létí bí mo bá rántí ìgbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, ní agbo ilé wa ní Ẹdẹ, nígbà tí mò ń lọ sí Pólì. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, àwọn obìnrin ilé á gbé àtẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá á jókòó lórí àpótí nídìí òpó, Ìyá Ìbejì, ìyàwó ilé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ á sì ya. Wọ́n á sọ ti ọkọ, wọ́n á sọ ti orogún, wọ́n á sọ ti ẹni tó ra ilẹ̀ ní Sekona tí ìdílé ní àwọn ò tà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé Awo tí kì í gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá kí oòrùn tó wọ̀.

Èmi kì í sí níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ilé, ọ̀làjú ń gùn mí. Inú yàrá ni màá wà, màá ti ilẹ̀kùn, màá na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa ka ìwé ẹ̀rù. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rù ti ọmọdé tí iwin kàn ń ṣí fèrèsé kiri o. Èyí tó le kú ni mo fẹ́ràn, èyí tí wọ́n ti ń bó awọ ènìyàn bí ìgbà tí wọ́n ń bó ọsàn, tí wọ́n á kọ ìkìlọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹni tí àyà rẹ̀ ò bá le kó má ṣí i. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì la jọ ń pààrọ̀ wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tètè ṣàn, a ó ní omi ẹ̀kọ ni, a ó dá a padà. Mo lè máa ka ibi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀yà ara kí n sì máa jẹ ẹ̀bà mi lọ, mo wá rò pé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àyà líle. Màmá á yọjú, wọ́n á ní, "Kí lò ń kà tó ń mú ọ fajú ro bí ẹni tó mu àgbo?" Màá ní, "Iṣẹ́ ilé ìwé ni, Màmá." Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ náà mà korò o," wọ́n á sì padà sídìí àtẹ wọn.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Màmá bí, òun ni ọ́ńkù mi tó wà lókè òkun. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ń gbé, yìnyín máa ń bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí wọ́n á fi wà á jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti bá tiwọn lọ, ìyàwó náà sì ti kó jáde. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ́ńkù mi ṣe ìwé ìrìnnà Màmá. Kì í ṣe pé kí Màmá wá kí wọn kí wọ́n sì padà o, wọ́n ní kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ni, títí ọjọ́ á fi dé. Gbogbo agbo ilé gbọ́, ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn ará àdúgbò ń ya wá: "Ẹ kú oríire o, Ìyá! Ọmọ ṣe ọmọ!" Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ọmọ mi ṣeun." Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù wọn. Wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ ńlá fún Ìyá Ìbejì. Wọ́n fún aládùúgbò kan ní odó. Èmi ni wọ́n fún ní ìró sányán wọn, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí èèrà rìn kọjá lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Mo fò sókè. Mo ró o níwájú dígí, mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún, mo ní Màmá ti dòyìnbó, kí ni wọ́n fẹ́ máa fi sányán ṣe nínú yìnyín? Wọ́n wò mí, wọ́n ní ó yẹ mí. Ẹ ò rí i pé ìwé kíkà yàtọ̀ sí ọgbọ́n.

Àárín ìgbà yẹn ni mo ra ìwé ọ̀hún lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ nítòsí géètì ilé ìwé wa. Omi ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, àmọ́ ìkìlọ̀ yẹn ṣì hàn gbangba. Mo ní ó ti bọ́ sí i.

Ìtàn ìyá àgbàlagbà kan ni, ará abúlé kan ní ilẹ̀ olóoru tí kì í ṣe tiwa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un lọ sí ìlú òtútù, sínú ilé gogoro kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti jáde, ìyá rẹ̀ á sì dá wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò gbọ́ èdè wọn. Bó bá kí ará ilé lórí àtẹ̀gùn, onítọ̀hún á rẹ́rìn-ín eyín sí i, á yára wọlé, á tìlẹ̀kùn. Ó ń bẹ bẹ́ẹ̀ títí, ó di ọjọ́ kan, nǹkan kan nínú ògiri kí i ní èdè abúlé rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ẹkún gbọn ìyá náà. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ oko, wọ́n jọ dárúkọ àwọn tó ti kú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ohun náà ní kó fún òun ní èékánná kan, kóun lè padà wá lọ́la. Ó gé e fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó gba irun. Nígbà tó yá, èékánná àti irun ò tó o mọ́.

Èmi tí mo ti ka oríṣiríṣi, tí mo ti fi ikú ẹlòmíràn jẹ ẹ̀bà, ibi tí ìyá náà ti mú ọ̀bẹ, tó tẹ́ ìka ọmọńdinrín rẹ̀ sórí pátákó tí wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà, tó ń bẹ ohun inú ògiri pé kó jọ̀ọ́ kó má tíì lọ, ibẹ̀ ni mo ti ké. Mo ju ìwé nù. Mo já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ bàtà, àtẹ ẹ̀gúsí Ìyá Ìbejì ni mo sì kó ẹsẹ̀ sí.

"Ejò ni? Níbo ló gbà?"

"Kì í ṣe ejò. Ìwé ni."

"Ìwé ló lé e! Ẹ gbà mí o!" Ìyá Ìbejì ń ṣa ẹ̀gúsí wọn nílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Àwa tí a ò kàwé la mà wá gbádùn."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jókòó kí n sọ ọ́ fún àwọn. Wọ́n ní ohun tó bá lágbára débi tó fi lé èèyàn jáde nínú yàrá, kò yẹ kí ẹnì kan dá a gbé.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀rù fún àwọn abẹ̀gúsí nìyẹn. Lẹ́yìn àlàásárì, màá jókòó sáàárín wọn, màá fi ojú kà á ní gẹ̀ẹ́sì, màá fi ẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ló máa bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Àwọn tó ń fọ ìfun àgbò lọ́dọọdún bí Iléyá bá dé! Ibi tí èmi ti ń fò kọjá gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ náà ti lẹ bébà pélébé mọ́ ara fíríìjì pé kí ìyá òun gbé oúnjẹ jẹ, òun ti lọ, gbogbo wọn pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó fi bébà kí ìyá ẹ̀?"

"Kò fẹ́ jí i lójú oorun ni, Màmá."

"Kó jí i! Ta ló ní kó má jí i?"

Ìyá Ìbejì ní òun fẹ́ mọ ti àwọn ará ilé. Mo ní wọn ò mọra wọn. Wọ́n ní báwo ni wọn ò ṣe ní í mọra wọn, ṣé ilé kan náà kọ́ ni? Mo ní ilé kan náà ni, ògiri ló pààlà wọn. Wọ́n ní ìjà ni wọ́n ń bára wọn jà nígbà náà. Mo ní wọn ò jà. Ìyá Ìbejì ju ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ìjà sàn! Bí mo bá ń bá ọ jà, mo ṣáà mọ̀ pé o wà nílé." Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ènìyàn laṣọ mi, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, a sì ń wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ lára ẹni ẹlẹ́ni ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ó wá di ọjọ́ kan tí mo ka ibi tí ìka ti ń tán lọ́wọ́ ìyá yẹn, tó ń wọ ìbọ̀wọ́ kí ọmọ rẹ̀ má bàa mọ̀. Ìyá Ìbejì ń ṣépè fún ohun inú ògiri, fún ìyá tó bí i àti bàbá tó bí i. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ọwọ́ Màmá ti dúró lórí àtẹ.

"Kò sí ẹlòmíràn tó ń kí i?"

"Kò sí, Màmá."

"Èmi náà á dá a lóhùn," ni Màmá wí. Wọ́n rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún bu ẹ̀gúsí mìíràn.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìkòkò àti odó àti sányán tó wá yé mi. Ta ló ń pín ẹrù rẹ̀ báyẹn, bí kò ṣe ẹni tó ti gbà pé òun ń lọ kú? Màmá ò fẹ́ lọ. Wọn ò fẹ́ lọ rárá, wọn ò sì lè sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí gbé wọn gẹṣin, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́, kí wọ́n wá ní kó sọ àwọn kalẹ̀? Wọ́n á ní ìyá ló dójú ti ọmọ. Èmi ńkọ́? Ta ni èmi tí màá gbé fóònù pe ọ́ńkù mi, kí n ní, "Ìyá yín ò fẹ́ ilé yín"? Ọmọ tí kò tíì lè fọ aṣọ ara rẹ̀ kó mọ́! Mo dákẹ́, àmọ́ ọkàn mi ò dákẹ́. Láàárọ̀, bí mo bá rí Màmá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nídìí búta tí wọ́n ń ṣàlùwàlá, tí ẹni tó ń kọjá ń kí wọn, tí wọ́n ń fi orí dáhùn, omi á dé sí mi lójú. Mo ń rò ó pé bí wọ́n bá dé ọ̀hún, ta ni yóò máa kọjá?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé náà parí. Mo fẹ́ yí ìparí rẹ̀ padà, kí n ní ọmọ tètè dé, kí n ní aládùúgbò kan kanlẹ̀kùn. Ẹnu mi ò gbà á. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà. Nígbà tí ọmọ yóò fi mọ̀, ìyá rẹ̀ ti tán pátá, ahọ́n rẹ̀ nìkan ló kù nínú ògiri, tó ń kí ẹni tó bá ń kọjá. Ọmọ náà ta àga, ó ta bẹ́ẹ̀dì, ó kó lọ sí ilé mìíràn. Ó tán. Mo pa ìwé dé.

"Ta ló sin ín?" Màmá ló bi mí.

"Wọn ò sin ín, Màmá. Ìtàn lásán ni. Ẹnì kan ló jókòó tó rò ó."

"Ẹni tó rò ó, ó ti rí i níbì kan kó tó rò ó. Ẹ wo ọmọ ènìyàn! Wọn ò wẹ̀ ẹ́, wọn ò kírun sí i lára, ọjọ́ mẹ́jọ á pé, kò sẹ́ni tí yóò ṣe fídáù rẹ̀." Wọ́n gbọn èèpo kúrò láṣọ, wọ́n dìde. "Àwa la máa ṣe é."

Ẹni tó bá mọ ilé mùsùlùmí ní Ẹdẹ mọ fídáù. Òkú á pé ọjọ́ mẹ́jọ, àáfà á wá, a ó ṣàdúà fún un, a ó sì fi oúnjẹ ṣe sàráà. Àmọ́ ta ló ti gbọ́ fídáù ẹni inú ìwé rí? Mo rò pé Màmá ń ṣeré ni, àfi bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀wà tí wọ́n á fi din àkàrà, tí wọ́n sì ránṣẹ́ sí àáfà pé kó wá lọ́jọ́ kẹjọ tí a ka ìwé tán.

Kí ọjọ́ náà tó pé ni ọ́ńkù mi balẹ̀, láti wá mú ìyá wọn lọ. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ẹnu Ìyá Ìbejì sì ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ kárí àdúgbò: wọ́n fẹ́ ṣe fídáù nílé wa, ìyá kan ló kú lókè òkun. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń sanra lójú ọ̀nà! Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ sàráà, òkú ti di ẹbí ọ́ńkù mi. Àwọn àgbà ọkùnrin wọ agbádá wá, wọ́n di ọwọ́ ọ́ńkù mi mú.

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún òkú."

"Ta ló kú?"

"Ìyá tó kú lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún."

Ọ́ńkù mi ń wò yàà. Nígbà tí wọ́n tú u dé ìdí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti bá a. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó dé. "Ìwé? Ìwé ìtàn? Màmá ń bá mi lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ wá jókòó, ò ń kó ẹ̀rù sí wọn lọ́kàn?" Mo ní kí wọ́n má bínú, sà. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Wọn ò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù. Mo rò ó pé wọ́n á mú Màmá lọ tìbínú-tìbínú, èmi ni wọ́n á sì máa rántí pé mo bà á jẹ́.

Àáfà dé lẹ́yìn ìrun àìlà. A jókòó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, àkàrà ń bẹ lórí iná lẹ́yìnkùlé, ọ́ńkù mi jókòó lórí àga nítòsí ẹnu ọ̀nà, ojú wọn le. Àáfà náà ò gbà á wẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá, mùsùlùmí ni òkú yìí?"

"Ìyá ni."

"Mo ní, ṣé ó ń kírun?"

"Ìyá ni, Àáfà. Ó bímọ, ó dá wà, ó kú."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àáfà. Wọ́n wo ojú Màmá, wọ́n gbé ẹ̀rín náà mì. Wọ́n ní àwọn ò lè pè é ní fídáù fún ẹni tí àwọn ò mọ ẹ̀sìn rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó ní kí àwọn má ṣàdúà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, a tẹ́ ọwọ́, a ń ṣàmín. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti máa ń dárúkọ òkú, Àáfà dúró. "Kí la ó pè é? Ọmọ ta ni?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, nítorí èmi ni mo mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ìwé yẹn ò sọ ìyá náà lórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ṣì ń wá ohun tí màá sọ ni mo gbọ́ ohùn Màmá. Orúkọ ara wọn ni wọ́n pè. Wọ́n pe orúkọ ara wọn, wọ́n pe ti bàbá tó bí wọn, wọ́n ní ọmọ Ẹdẹ Màpó Arógun ni.

"Àsítàgàfúrúláì!" Ìyá Ìbejì ká ọwọ́ lérí. Àáfà sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ọ́ńkù mi ti dìde dúró. "Màmá! Kí lẹ̀ ń wí? Ẹ wà láàyè!"

"Mo mọ̀ pé mo wà láàyè," ni Màmá dáhùn. "Ẹ bá mi ṣe é báyìí tí mo ṣì ń gbọ́ yín. Ibi tí mò ń lọ yẹn, ta ni yóò ṣàmín?"

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọn imú sínú ìborùn. Ọ́ńkù mi yí padà, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde. Mo ní ó tán. Mo ní ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ti bàjẹ́, èmi ni mo sì fi ìwé bà á jẹ́. Màmá pè mí, wọ́n ní kí n bu omi lọ fún wọn.

Orí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá kànga ni mo bá ọ́ńkù mi. Irùngbọ̀n funfun, ọkùnrin tó tóbi báyẹn, wọ́n ń sunkún bí ọmọ tó sọ nù lọ́jà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú sí Màmá, sà. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Wọ́n mi orí. "Kì í ṣe nítorí wọn ni mo ṣe fẹ́ mú wọn lọ," ni wọ́n wí. "Nítorí tèmi ni. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀, kí n lè bá ohùn nílé bí mo bá dé. Mo ní bí Màmá bá wà níbẹ̀, ẹnì kan á ṣáà kí mi káàbọ̀."

Mo gbé omi lé wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí i pé Màmá ti wà lẹ́yìn wa, wọ́n di ògiri mú.

"O ò sọ fún mi," ni Màmá wí.

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi, Màmá."

Màmá wá ní, "Ṣé o tiẹ̀ ti jẹun láti àárọ̀?" Ọ́ńkù mi ní àwọn ò tíì jẹun. "Wọ́n ń din àkàrà nínú ilé, ìwọ jókòó sídìí kànga, ò ń sunkún. Ṣé kànga ò lómi tó ni?" Ọ́ńkù mi fi ẹkún rẹ́rìn-ín. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Màmá, ẹ ò lọ mọ́. Ẹ jókòó sílé yín." Màmá mí kanlẹ̀. Mi ò gbọ́ irú èémí yẹn rí látìgbà tí mo ti dáyé, ó dà bí ti ẹni tó ti oko jíjìn gbé ẹrù igi dé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Ara èmi gan-an fúyẹ́ débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú ẹrọ̀fọ̀, mi ò sì mọ̀.

Àáfà parí àdúà náà. Wọ́n ṣe ti ẹ̀mí gígùn fún Màmá, a ṣàmín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé. Màmá ní wọn ò gbọdọ̀ gbàgbé ìyá inú ìwé o, nítorí tirẹ̀ la ṣe pé jọ. Àáfà ní ó dáa, wọ́n ṣe tiẹ̀ náà. A jẹ àkàrà, a jẹ ẹ̀kọ, àwọn tó wá kí ọ́ńkù mi kú ará-fẹ́ra-kù tún kí wọn kú oríire, wọ́n jẹun, wọ́n sì di ti ọwọ́ wọn lọ sílé. Ìyá Ìbejì bi Màmá bóyá ó di dandan kí àwọn dá ìkòkò padà. Màmá ní lójú ẹsẹ̀. Kí n tó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo ti ká sányán, mo ti gbé e padà sínú àpótí wọn.

Ti ọ́ńkù mi ló wá kù. Ọmọ ò ní torí pé ìyá ò lọ kó máa bá tẹlifíṣọ̀n gbé. Màmá ló dá àbá kan. Wọ́n ní bí a bá ti gbé àtẹ jáde lẹ́yìn àlàásárì, kí n tẹ fóònù, kí n jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, kí n gbé e sínú àtẹ tó ṣófo. Ìgbà yẹn ni ọ́ńkù mi máa ń mu tíì níbi iṣẹ́ wọn lọ́hùn-ún. Ohùn ọ́ńkù mi á jáde, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á jẹ́ "Òò!" Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tún ń ṣe wọ́n ní àlejò. Ẹni tó ń jà á máa jà, ẹni tó ń bú ọkọ rẹ̀ á máa bú u, ẹ̀gúsí á máa ró. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ́ńkù mi ti ń bá wọn dá ẹjọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá lè relé, etí rẹ̀ lè máa lọ.

Màmá ti lọ báyìí. Inú ilé wọn ni wọ́n ti lọ, lọ́sàn-án gangan, èèyàn kún yàrá débi tí Àáfà fi ní kí àwọn kan jáde kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, tí kò sì sẹ́ni tó gbà láti jáde. Mo sunkún títí ojú mi wú. Àmọ́ lábẹ́ ẹkún náà, ọkàn mi balẹ̀, ó sì balẹ̀ dòní. Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Mo ṣì ń ka ìwé ẹ̀rù, ẹ má dá mi lóhùn, àmọ́ kì í pẹ́ kí n tó tì í sápá kan, kí n pe ẹnì kan. Àwọn èèyàn mi máa ń bi mí pé kí ló dé, màá ní kò sí, mo kàn ní kí n kí yín ni.

Sátidé tó kọjá, mo wà ní Ẹdẹ. Lẹ́yìn àlàásárì, fóònù dún. Ìyá Ìbejì, tí irun wọn ti funfun, ò tilẹ̀ wo ẹni tó ń pè. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sínú àtẹ, wọ́n ń bá ìjà wọn lọ pẹ̀lú ẹni tó gbé ìgbálẹ̀ wọn tí kò dá a padà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn ọ́ńkù mi tó jáde láti inú yìnyín wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, mo ti sọ ọ́ lánàá pé kí ẹ máa gbé ìgbálẹ̀ yẹn wọlé."